Pátákó Ìkéde àti Òpó Ìwọ̀n Omi ní Èbúté Etí Ọ̀sà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Ìkéde ẹgbẹ́ àdúgbò kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé lórí omi. Ìṣòro tí iṣẹ́ yìí wá yanjú nìyẹn. Àdúgbò náà wà létí Ọ̀sà Èkó, ní apá tó kọjú sí Third Mainland Bridge. Orí òpó ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ibẹ̀ dúró lé, afárá pákó àti ọkọ̀ àjẹ̀ sì ni ọ̀nà àbájáde. Ara ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń lẹ ìwé ìkéde mọ́, ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín omi kì í sì í ní nǹkan ṣe níbẹ̀ àfi lọ́jọ́ ìpàdé. WhatsApp ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja tó ń lo fóònù kékeré kò sí níbẹ̀, iná tí wọ́n fi ń sájì fóònù náà kì í sì í dúró.

Èyí tó burú ju ìpẹ́ lọ ni pé ìkéde omi kì í ní ìwọ̀n. "Omi máa kún o, ẹ múra." Ó máa kún dé ibo? Ẹni tí pákó ilé rẹ̀ ga àti ẹni tí pákó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ lásán, nígbà tí wọ́n sì kéde lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn mọ́. Nítorí náà a kó nǹkan méjì pọ̀ sójú kan: pátákó ìkéde, àti òpó tí a fàlà ìwọ̀n sí lára, kí oníkálukú lè fojú ara rẹ̀ ka gíga omi. Nínú méjèèjì, òpó yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Èyí tó wà tẹ́lẹ̀, àti ohun tó bà á jẹ́

Pátákó kan ti wà ní èbúté rí: plywood lásán, òpó igi rírọ̀ méjì, ìṣó dúdú. Kò lo ju àsìkò òjò kan lọ.

Wọn kò kun etí plywood náà. Etí tí ayùn ti gé ni pátákó fi ń mu omi ju ojú rẹ̀ lọ. Ó wú, awẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣó dúdú dípẹtà, àbàwọ́n ìpẹtà sì ṣàn sára ìwé. Wọ́n tún kọjú pátákó sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn torí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ òjò oṣù Kẹfà ti ń fẹ́ wá, gbogbo ọ̀wààrà sì ń bọ́ sójú ìwé tààrà.

Ohun tó wó o ni òpó. Láti bí oṣù Kejìlá títí dé oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà bá ti fà, omi òkun máa ń gba Commodore Channel (ẹnu ọ̀nà tí òkun gbà wọ ọ̀sà) wọlé, ọ̀sà á sì níyọ̀. Àsìkò yẹn ni kòkòrò inú omi tó ń lu igi máa ń ṣọṣẹ́. Ihò tíńtín ló fi ń wọlé, á wá máa jẹ inú igi lọ nígbà tí ara ìta ṣì ń dán. Nísàlẹ̀ ojú omi ni òpó méjèèjì ti dá, apá òkè wọn sì le koko. Ẹ lè fi èyí yẹ òpó ilé yín wò: tí omi bá fà, ẹ fi ẹ̀yìn àdá kàn án nísàlẹ̀. Èyí tó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ti ṣófo.

Igi ẹkì ń pẹ́ gan-an lórí omi, òun sì ni a máa ń rọ onílé láti fi ṣòpó. Ṣùgbọ́n òpó ìwọ̀n kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbi tó wà. Bó bá rì díẹ̀ tàbí tó tẹ̀, òǹkà rẹ̀ ti di irọ́. Ìdí nìyí tí a fi lo kọnkéré inú páìpù.

Ìpele 1: Yíyan ibi àti ìkọjúsí

Ẹnu èbúté ni, níbi tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà, tí ẹni tó ń rìn lórí afárá pákó náà sì ń gbà kọjá. Omi ibẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 nígbà tó bá fà. Àríwá ni ojú pátákó kọ sí. Òjò ńlá ọdún ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ìjì líle ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ti ìparí rẹ̀ sì máa ń ti ìlà-oòrùn já. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ pátákó ni ó yẹ kí ó fi gba méjèèjì.

Ẹ má ṣe fi í sí ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń yí padà. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ àti imú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì yóò máa gbá a. A fi ẹsẹ̀ bàtà 5 jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀.

Ìpele 2: Ohun èlò

Iye owó ọjà ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí náà iye ohun èlò ni a kọ, kí ẹ lè fi bá oníṣòwò tiyín sọ̀rọ̀:

- páìpù PVC ìnṣì 6 tó nípọn (ti omi alágbára, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀), ègé 3, ìkọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ bàtà 16
- ọ̀pá irin 12mm, márùn-ún. Mítà 12 ni gígùn ìkọ̀ọ̀kan, ègé ẹsẹ̀ bàtà 16 méjì ló ń tinú rẹ̀ jáde. Mẹ́sàn-án la lò, ìkan ṣẹ́kù
- ọ̀pá irin 6mm fún òrùka ìdè, àti wáyà tí bíríkìlà fi ń so irin
- sìmẹ́ǹtì àpò 3. Ìṣirò wa fún òpó mẹ́ta jẹ́ bí àpò 2. Ẹ̀kẹta wà fún èyí tí omi bá kó lọ
- yanrìn odò àti òkúta wẹ́wẹ́ tí kò tóbi ju 10mm lọ
- marine board (plywood tí a ṣe fún ibi omi) 18mm kan, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 8 ní gígùn
- pákó ẹkì, ìnṣì 2 ní ìnípọn, ìnṣì 4 ní ìbú, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 6, méjì
- irin pẹlẹbẹ fún ìdìmú, bóòtù tí a ti fi síǹkì bò, súkúrù stainless
- páànù alumíníọ̀mù 0.55mm, ẹsẹ̀ bàtà 7 ní gígùn, 3½ ní ìbú
- ike tó mọ́ gaara, nípọn 3mm
- ọ̀dà epo funfun, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti dúdú; tápẹ́ńtáìnì

Páìpù ló gba owó jù, marine board ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan dá a lábàá pé kí a dín owó kù nípa wíwa yanrìn láti inú ọ̀sà. Kò bọ́ sí i. Yanrìn oníyọ̀ ń jẹ irin inú kọnkéré, bí omi ọ̀sà náà ṣe ń jẹ ẹ́. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni kí ẹ fi po ó.

Ìpele 3: Rírì páìpù mọ́lẹ̀

Ẹ dúró de ìgbà tí omi bá fà dáadáa. A so ọkọ̀ méjì pọ̀, a tẹ́ pákó lé wọn lórí, a sì fi okùn mú ọkọ̀ náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó má baà rìn. A gbé páìpù dúró láàárín ọkọ̀ méjèèjì. A de igi mọ́ ọn ní gíga àyà, ènìyàn méjì dì í mú, wọ́n ń fì í sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń wọlẹ̀.

Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ òkè kò ní wàhálà. Lẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹrẹ̀ tó wọ inú páìpù ló ń dá a dúró. A ṣe ohun èlò kan tí àwọn agbẹ́kànga mọ̀ dáadáa: páìpù ìnṣì 3, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 3, tí a fi rọ́bà taya inú ṣe ìlẹ̀kùn sí nídìí. Tí ẹ bá gún un wọ inú ẹrẹ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí; tí ẹ bá fà á sókè, á pa dé. Ẹ máa da omi sínú páìpù ńlá kí ẹrẹ̀ lè rọ̀, kí ẹ sì máa kó o jáde. Báyìí ni a ṣe dé yanrìn líle ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Nígbà tí ènìyàn méjì gun igi ìdìmú tí páìpù kò sì lọ mọ́, ó tó.

Ẹsẹ̀ bàtà 8 ṣẹ́kù lókè omi tó fà. Òpó méjì ti pátákó fi ẹsẹ̀ bàtà 4 jìnnà síra; ẹ̀kẹta, òpó ìwọ̀n, dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ afárá. Lẹ́fẹ̀lì nìkan kò tó fún títọ́ wọn torí ọkọ̀ ń mì; okùn olójé ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìpele 4: Kọnkéré lábẹ́ omi

Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Bí wọ́n bá da kọnkéré láti ẹnu páìpù tí omi wà nínú rẹ̀, omi á fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lára òkúta kí ó tó balẹ̀. Lókè á dára, nísàlẹ̀ á jẹ́ òkúta àti yanrìn lásán, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ títí òpó á fi dá. Òpó àkọ́kọ́ tí a dánwò lórí ilẹ̀, nínú páìpù tí a rọ omi kún, fi èyí hàn kedere: nígbà tí a la páìpù náà, ẹsẹ̀ bàtà kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wó lọ́wọ́.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Ọ̀pá irin mẹ́ta-mẹ́ta ni a dè mọ́ òrùka tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100mm, òrùka kan ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1, a sì sọ ọ́ sínú páìpù. Páìpù ìnṣì 2 gba àárín irin náà kọjá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àrọ ńlá lẹ́nu rẹ̀. A fi àpò sìmẹ́ǹtì tí a ká jọ dí ẹnu àrọ náà kí kọnkéré àkọ́kọ́ lè ti omi inú rẹ̀ síwájú. Korobá 1 sìmẹ́ǹtì, 2 yanrìn, 3 òkúta; kí ó ṣàn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣàn bí ọbẹ̀ omi.

Kọnkéré á tìdí jáde, á máa gòkè, á máa ti omi sókè. Ìdí páìpù kékeré kò gbọdọ̀ kúrò nínú kọnkéré. Ẹ jẹ́ kí ó rì wọ̀ ọ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 1 nígbà gbogbo bí ẹ ti ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá já jáde, omi ti wọ àárín nìyẹn, òpó sì ti ní ibi tí yóò ti dá. Omi ló kọ́kọ́ ń ṣàn jáde lẹ́nu páìpù ńlá, lẹ́yìn náà ohun funfun tó dà bí omi ògì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èyí ṣàn dànù títí kọnkéré gidi, tó láwọ̀ eérú, tó ní òkúta nínú, á fi yọ.

Fi pákó gbè é lọ́tùn-ún lósì fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ 28 ni agbára rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 7 a lè gbé pátákó kọ́ ọ.

Ìpele 5: Pátákó

A gé marine board sí ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú, 4 ní gíga. Ègé tó ṣẹ́kù di ìlẹ̀kùn àti pátákó àfikún. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a kọ́kọ́ tọ́jú: gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gbẹ láàárín. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà epo tí a fi tápẹ́ńtáìnì là fún ojú àkọ́kọ́, kí ó lè wọ inú igi, lẹ́yìn náà ojú méjì tó ki.

Ẹ má ṣe lu ihò sára òpó. Ibi tí bóòtù bá gbà wọ kọnkéré ni omi iyọ̀ yóò gbà dé ọ̀dọ̀ irin. A tẹ irin pẹlẹbẹ yí páìpù ká bí ìdìmú, a fi bóòtù mú un mọ́ pákó ẹkì, a sì kan pátákó mọ́ pákó náà. Gíríìsì lára bóòtù kọ̀ọ̀kan. Fún páànù orí rẹ̀, ẹ fi rọ́bà sábẹ́ orí súkúrù, torí irin àti alumíníọ̀mù tó bá kan ara wọn létí òkun, alumíníọ̀mù ni yóò bàjẹ́. Páànù náà yọ síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà 1½.

Apá mẹ́ta ni ojú rẹ̀ pín sí. Pupa, ẹsẹ̀ bàtà 2, fún pàjáwìrì nìkan; bí kò bá sí pàjáwìrì, kí ó ṣófo. Funfun, ẹsẹ̀ bàtà 2, fún ìròyìn ẹgbẹ́, lẹ́yìn ike tó ní ìlẹ̀kùn. Dúdú, ẹsẹ̀ bàtà 1, fún ìwọ̀n omi, tí a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ.

Ike yẹn fún wa ní wàhálà. A kọ́kọ́ dí gbogbo etí rẹ̀ pa kí omi má baà wọlé. Oòrùn mú inú rẹ̀ gbóná, ooru ìwé di omi lára ike, ìwé sì bu. Ihò 8mm márùn-ún nísàlẹ̀ àti mẹ́ta lókè, tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò, ló yanjú rẹ̀.

Ìpele 6: Òpó ìwọ̀n omi

Ibo ni kí 0 wà? Àwọn òṣìṣẹ́ omi máa ń wọ̀n láti ojú òkun, ṣùgbọ́n òǹkà bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ìyá tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun gbé ẹja gbígbẹ òun sókè. A fi 0 sí ibi tó dọ́gba pẹ̀lú ojú pákó afárá tó rẹlẹ̀ jù lọ ní àdúgbò. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí a rọ omi kún ni a fi gbé ìwọ̀n náà láti ara pákó wá sára òpó. Ẹ rí i pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú omi rọ́bà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò parọ́ fún yín.

Láti 0 lọ sísàlẹ̀, ìlà kan ní gbogbo 5cm, nọ́ńbà ní gbogbo 10: −10, −20, −30. Láti 0 lọ sókè: +10, +20. Àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ −40. Yẹ́lò láti −40 dé −15. Pupa láti −15 lọ sókè. Nọ́ńbà náà ga ní ìnṣì 3, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 30 ń kà á.

Ìgbì ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí òǹkà dúró sójú kan. A de páìpù ìnṣì 2 mọ́ ara òpó, ìdí rẹ̀ dí, ihò 6mm kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀, ìléfòó àwọ̀n kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lókè. Omi inú rẹ̀ kò tètè gbọ́ ìgbì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ kíkún ọ̀sà. Ẹrẹ̀ máa ń dí ihò yẹn. Ẹ fi wáyà gún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ilé kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, nígbà tí omi bá kún tó dúró, àwọn ọ̀dọ́ pín ara wọn sí ọkọ̀, wọ́n wọn gíga láti ojú omi dé pákó ilẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹnì kan ń ka òpó. Bí òpó bá wà ní −40, tí pákó ilé kan sì fi 95cm ga ju omi lọ, nọ́ńbà ilé náà ni +55. A fi ọ̀dà kọ ọ́ sára òpó ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, ìkéde kì í sọ pé "ẹ múra" mọ́. Ó ń sọ pé: "Omi ti dé −5, ó ń gòkè. Ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ju +15 lọ, ẹ gbé ẹrù sókè lálẹ́ òní."

Ohun tí a ń kọ síbẹ̀

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọ̀sà ń kún tó sì ń fà, ó sì ń fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ìgbà tí oṣù bá lé àti ìgbà òṣùpá àrànmọ́jú ni ó ń kún jù. Tábìlì ìkún omi tí wọ́n ń tẹ̀ fún ẹnu èbúté ọkọ̀ òkun Èkó wúlò, ṣùgbọ́n omi ń pẹ́ kí ó tó dé inú ọ̀sà. Ẹ fi òpó yín wọn iye tó fi pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa fi kún un.

Ojú dúdú pátákó ń gba ìlà mẹ́ta péré: òǹkà ìkún àná, òǹkà ìkún òní, ìyàtọ̀. "Àná −35. Òní −28. Ó gòkè 7." A kì í kọ òǹkà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n.

Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Òjò tó rọ̀ sókè ilẹ̀ ló ń gba odò Ògùn wá, ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì máa ń tú omi sílẹ̀ nígbà náà. Omi yẹn ń gba Ìshẹ́rí àti Agbóyì bọ́ sínú ọ̀sà. Ìròyìn Ogun-Oshun River Basin Development Authority (àjọ tó ń bójú tó ìsédò náà), àsọtẹ́lẹ̀ òjò ti NiMet (àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ojú ọjọ́) àti ti ìkún omi láti ọ̀dọ̀ NIHSA (àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí omi odò) ni a ń tẹ̀ lé. Ojú funfun ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n jáde. Bí ìkún bá gòkè ní 5cm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ mẹ́ta léra, ó di ọ̀rọ̀ ojú pupa: aṣọ pupa gòkè lórí òpó, ọkọ̀ kan sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí àdúgbò ká.

Gbogbo ìkéde pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà ní Yorùbá àti Ẹ̀gùn. Èyí tó bá kan àrùn ń ní Faransé pẹ̀lú, nítorí àwọn ẹbí tó ń ti orílẹ̀-èdè Benin wá. Ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí a ó yọ ọ́, ẹni tó fọwọ́ sí i: ìwé tí kò bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ wọ inú ike. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ baálẹ̀.

Ẹ̀yìn pátákó ni a fi ọ̀dà kọ ohun tí kì í yí padà sí. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó: 112 àti 767. Kí gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó. Àti omi oníyọ̀-àti-ṣúgà fún ẹni tó ń yàgbẹ́, torí àrùn onígbáméjì tó jà ní Èkó ní 2024 fi hàn pé wákàtí díẹ̀ ṣe pàtàkì: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a gé lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ní ìlànà tirẹ̀, a kò sì fi ṣeré. Ní oṣù Keje 2012, wákàtí 72 ni ìwé ìkìlọ̀ fún àwọn ará etí omi Mákòkò láti kó kúrò, ìwólé sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Nínú wákàtí 72, èyí tí ìwé bá fi sùn nínú àpò ẹnì kan kò ṣe é gbà padà. Nítorí náà: ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ ọjọ́ àti aago sí i lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó mú un wá. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀dà kan lọ sójú pupa láàárín wákàtí kan, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ baálẹ̀.

Ìtọ́jú, àti ohun tó kù

Koríko ojú omi tó ń ya wọlé pẹ̀lú omi òjò máa ń kó jọ sára òpó, á sì máa tì í bí omi ti ń ṣàn. Kí ẹni tó ń ka òpó kó o kúrò kí ó tó kà. Oṣù Kìíní ni a ń yẹ bóòtù wò, a ń fi gíríìsì tuntun sí i; oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn òjò, ni a ń tún ọ̀dà òpó àti ti páìpù kùn, torí oòrùn máa ń mú kí PVC tí a kò kùn máa ṣẹ́.

Pákó afárá tí a fi ṣe 0 yóò rì tó bá yá, wọn yóò sì pààrọ̀ rẹ̀. Kí 0 má baà bá a lọ, a fi ìṣó stainless sàmì sí ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé lórí ilẹ̀, a sì fi rọ́bà omi wọn ìyàtọ̀ rẹ̀ sí òpó. Ó wà nínú ìwé akọ̀wé, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sì ni a óò máa tún un wọ̀n. Ilé tí wọ́n bá tún òpó rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà tuntun. Iná alẹ́ ni kò tíì sí níbẹ̀. A ti fi ẹsẹ̀ irin sílẹ̀ lórí òpó apá òsì fún iná oòrùn kékeré kan, ní ìhà gúúsù, níbi tí ìbòòji páànù kò dé.